Ọ̀nà Márùn-ún Tí A Fi Lè Dán Antivirus Wò Láìfi Kọ̀ǹpútà Wewu: Ìfiwéra fún Àwa Tí A Ń Fi Kọ̀ǹpútà Jẹun ní Ìkòròdú

Nínú ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tí mo ń bójú tó ní Sábó, ní ìlú Ìkòròdú, ó ṣọ̀wọ́n kí ilẹ̀ ṣú kí fíláàṣì ogún má tíì wọ inú kọ̀ǹpútà wa. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ti Lagos State University of Science and Technology bọ̀ yóò gbé iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ wá kí a bá a tẹ̀ ẹ́, kí a sì bá a dì í. Ẹni tó ń ṣòkú yóò gbé àwòrán olóògbé wá fún ìwé ètò ìsìn. Ẹlòmíràn kò ní ju ìwé NIN ojú ewé kan ṣoṣo lọ láti tẹ̀, ṣùgbọ́n fíláàṣì tó fi gbé e wá ti dé ṣọ́ọ̀bù márùn-ún kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Èyíkéyìí nínú wọn lè gbé fáírọ́ọ̀sì wọlé, pàápàá èyí tí gbogbo wa mọ̀ bí ẹní mowó, tó máa ń fi fódà pamọ́, tí yóò sì fi ṣọ́tíkọ́ọ̀tù rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, kò sí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí tí kò ní antivirus. Ohun tí púpọ̀ nínú wa kò ní ni ọ̀nà tí a fi lè mọ̀ bóyá antivirus náà ń ṣiṣẹ́.

Mo ti jìyà rẹ̀ rí. Ní àkókò tí ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà wa ṣì ń lo Windows 7, ẹnì kan ta kọ́ọ̀dù antivirus fún mi, ó ní ọdún kan gbáko ni yóò fi ṣiṣẹ́. Àmì antivirus náà wà ní igun ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, ó ń tàn, ọkàn mi sì balẹ̀. Nígbà tó wá wù mí láti dán an wò, ọ̀nà tí kò tọ́ ni mo gbà: mo mú fíláàṣì kan tí mo mọ̀ dájú pé fáírọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀, mo sì kì í bọ kọ̀ǹpútà náà láti wo ohun tí antivirus yóò sọ. Kò sọ nǹkan kan. Kí a tó ti ilẹ̀kùn lálẹ́ ọjọ́ náà, fíláàṣì àwọn oníbàárà mẹ́rin ti di ṣọ́tíkọ́ọ̀tù jálẹ̀jálẹ̀, ọjọ́ méjì ni mo sì fi bẹ àwọn èèyàn, tí mo fi ń bá wọn wá iṣẹ́ wọn padà. Àṣé kọ́ọ̀dù tí mo rà, àìmọye èèyàn ló ti ń lò ó. Ilé iṣẹ́ tó ni antivirus náà ti pa á, kò sì gba ìmúdójúìwọ̀n (update) kankan mọ́ láti oṣù méje sẹ́yìn.

Mo mọ̀ báyìí pé ọ̀nà wà láti dán antivirus wò tí èèyàn kò ní fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó fáírọ́ọ̀sì wọlé. Márùn-ún ni mo máa fi wéra níhìn-ín, mo sì ti lo gbogbo wọn àfi èyí tó kẹ́yìn, tí mo ṣe ní ìlàjì tí mo sì pa tì.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Ohun àkọ́kọ́ ni ewu: bí ìdánwò náà bá lọ ní ọ̀nà òdì, kí ni yóò bàjẹ́? Lẹ́yìn náà ni iye tí yóò ná wa ní owó, ní dátà àti ní àkókò. Mo tún wò ó bóyá fáìlì àwọn oníbàárà yóò kúrò lọ́wọ́ wa lọ síbi tí a kò lè gbà á padà, àti bóyá ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó ti lo oṣù mẹ́ta lè ṣe é láìpe ẹnjiníà.

Ṣùgbọ́n èyí tó wúwo jù lójú mi ni ìbéèrè tí ìdánwò kọ̀ọ̀kan ń dáhùn, nítorí ibẹ̀ gan-an ni àwọn èèyàn ti ń ṣi ara wọn lọ́nà. Bí ọdẹ bá ń ṣọ́ àdúgbò, ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la lè fẹ́ mọ̀. Ǹjẹ́ ọdẹ náà jí, àbí ó ti sùn lọ lẹ́nu géètì? Ǹjẹ́ ó lè dá olè tó wọṣọ bí onílé mọ̀? Ọkùnrin kan pàtó tó dúró síwájú géètì lóru yìí, ǹjẹ́ olè ni? Ẹni tó kàn pe ọdẹ lórúkọ láti gbọ́ bóyá yóò dáhùn ti mọ̀ pé ọdẹ jí, ṣùgbọ́n kò tíì mọ nǹkan kan nípa ìbéèrè kejì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni antivirus rí, kò sì sí ìdánwò kan nínú márùn-ún yìí tó dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Fáìlì EICAR

EICAR jẹ́ orúkọ àjọ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Yúróòpù ní 1991 fún ìwádìí lórí fáírọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà. Àjọ náà àti ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí kan tí ń jẹ́ CARO ni wọ́n gbé fáìlì ìdánwò tí mo ń sọ yìí kalẹ̀, àwọn tó ń ṣe antivirus sì gbà láàárín ara wọn pé àwọn yóò máa mú un bí ẹni pé fáírọ́ọ̀sì ni. Kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì rárá. Ìlà ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, àmì 68 ló wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì ṣeé tẹ̀ láti orí kííbọ́ọ̀dù. Lórí kọ̀ǹpútà DOS àtijọ́, bí èèyàn bá jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́, gbólóhùn kan tó ń sọ pé fáìlì ìdánwò lòun ni yóò kọ sójú kọ̀ǹpútà, yóò sì dákẹ́. Lórí Windows oní-64-bit tí púpọ̀ nínú wa ń lò báyìí, kò tilẹ̀ lè ṣiṣẹ́. Kì í pa fáìlì rẹ́, kì í da ara rẹ̀ kọ, kì í sì í ti orí fíláàṣì kan lọ sórí èkejì.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ má kọ ìlà náà síhìn-ín. Ẹ lọ dà á kọ ní ìkànnì eicar.org, kí ẹ má sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, nítorí àmì kẹta nínú rẹ̀ jẹ́ lẹ́tà O, kì í ṣe òdo, àṣìṣe yìí nìkan sì ti tó láti mú kí antivirus tó dára dákẹ́ kí ẹ sì dá a lẹ́bi lórí ohun tí kò ṣe. Ìlà náà gbọ́dọ̀ wà ní ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì, gbogbo fáìlì náà kò sì gbọdọ̀ ju àmì 128 lọ. Ẹni tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín lẹ́tà tó kọ nínú Word kò dán nǹkan kan wò.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ ṣí Notepad, ẹ lẹ ìlà náà sínú rẹ̀, ẹ yan All Files níbi tí ó ti ń béèrè irú fáìlì, kí ó má baà fi .txt kún orúkọ náà, kí ẹ sì fi orúkọ eicar.com pa á mọ́ sójú Desktop. Lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Microsoft Defender, èyí tó máa ń bá Windows 10 àti Windows 11 wá, ìka yín lè má tíì kúrò lórí máòsì tí àpótí kékeré kan yóò fi yọ ní igun ọ̀tún nísàlẹ̀ tí yóò sọ pé òun rí ewu. Ẹ wo ojú Desktop dáadáa: àwòrán fáìlì náà á hàn fírí, á sì pòórá, bí ẹni pé ẹnì kan fi ọwọ́ gbá a kúrò. Bí ẹ bá ṣí Protection history, níbi tí Defender ń kọ ohun tó mú sí, ẹ máa bá orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ pé Virus:DOS/EICAR_Test_File. Gbogbo rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú méjì, kò sì náni ní kọ́bọ̀. Dátà tó ń lò kò tó ti ọ̀rọ̀ kúkurú kan lórí WhatsApp.

Àwọn tó máa ń kọ̀wé nípa EICAR sábà máa ń dúró síbí, ṣùgbọ́n ibí yìí ni iṣẹ́ rẹ̀ tó ṣe pàtàkì jù fún wa ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lágbo iṣẹ́ wa, ọ̀pọ̀ sọ́fítíwìà tí a fi ń ṣe káàdì àti ìwé pẹlẹbẹ ni wọn kò rà lọ́nà tó tọ́, ẹni tó bá sì bá wa gbé irú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà yóò kọ́kọ́ sọ fún antivirus pé kí ó má wo fódà báyìí-báyìí. Bí ó bá ti parí iṣẹ́ tó sì gba owó rẹ̀, kì í rántí yí i padà. Antivirus ń ṣiṣẹ́ lójú Desktop, ó ń ṣiṣẹ́ nínú Downloads, ṣùgbọ́n yàrá kan wà nínú ilé náà tí wọ́n ti sọ fún ọdẹ pé kò gbọdọ̀ dé. EICAR ni mo fi rí tèmi. Mo pa á mọ́ sójú Desktop, ó pòórá. Mo pa á mọ́ sínú Downloads, ó pòórá. Mo pa á mọ́ sórí D:, níbi tí gbogbo iṣẹ́ oníbàárà wà, ó jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ títí a fi pa iná. Nígbà tí mo ṣí àkójọ tí Windows pè ní Exclusions, mo bá a pé odindi D: ni wọ́n ti yọ kúrò. Nítorí náà, ẹ má ṣe dán an wò níbì kan ṣoṣo. Ẹ gbé e dé gbogbo ibi tí fáìlì ń gbà wọlé àti ibi tí ó ń sùn sí, ẹ sì pa á mọ́ sórí fíláàṣì kan tààrà láti inú Notepad.

Ìkànnì EICAR tún ní irú fáìlì náà tí wọ́n ti dì sínú zip, àti èyí tí wọ́n dì sínú zip tó wà nínú zip mìíràn. Bí antivirus yín kò bá sọ̀rọ̀ nígbà tí zip náà balẹ̀, ẹ má tíì pariwo, nítorí àwọn kan kì í wo inú zip títí ẹ ó fi tú u. Bí ẹ bá tú u tí kò sì sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ nìyẹn.

Àléébù rẹ̀ kò fara sin. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo antivirus ló mọ EICAR, èyí tó dára àti èyí tí kò dára, nítorí pé wọ́n ti fi hàn wọ́n tẹ́lẹ̀. Bí antivirus yín bá mú un, ìwọ̀nba díẹ̀ lẹ mọ̀. Bí kò bá mú un, ohun ńlá lẹ mọ̀. Ẹni tó bá ń fi EICAR pinnu pé antivirus kan dára ju èkejì lọ ń fi òṣùwọ̀n àgbàdo wọn epo. Lórí fóònù Android pẹ̀lú, púpọ̀ nínú antivirus ibẹ̀ kì í wo ju áàpù lọ, nítorí náà bí wọ́n bá dákẹ́ sí ìlà ọ̀rọ̀ inú fáìlì lásán, kò túmọ̀ sí pé wọn kò ṣiṣẹ́. Ohun kan tó kù ni pé bí kọ̀ǹpútà náà bá jẹ́ ti ọ́fíìsì, ẹ kọ́kọ́ sọ fún ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọn, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìkìlọ̀ náà lè dé sí, yóò sì rò pé fáírọ́ọ̀sì gidi ti wọlé.

Àwọn ojú ewé ìdánwò AMTSO

AMTSO jẹ́ ẹgbẹ́ tí àwọn tó ń ṣe antivirus àti àwọn tó ń dán an wò dá sílẹ̀ ní 2008. Lórí ìkànnì wọn, wọ́n ní ohun tí wọ́n pè ní Security Features Check, tí í ṣe àwọn ojú ewé tí a kàn máa tẹ̀ kí a lè mọ apá tó ń ṣiṣẹ́ lára antivirus wa: èyí tó ń wo fáìlì tí a fà wálẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń wo fáìlì tó fẹ́ já bọ́ sórí kọ̀ǹpútà láìjẹ́ pé a tẹ nǹkan kan, èyí tó ń wo fáìlì tí wọ́n dì, èyí tó ń mú àwọn sọ́fítíwìà tó máa ń bá òmíràn wọlé láìpè, àti èyí tó ń dí ojú ewé ẹ̀tàn tí wọ́n fi ń jí páásíwọ́ọ̀dù. Ti Android wà níbẹ̀ pẹ̀lú, òun ni mo sì máa ń dámọ̀ràn fún ẹni tó fẹ́ dán fóònù rẹ̀ wò.

Kò sí ewu nínú rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni, ṣùgbọ́n ohun méjì ló yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún. Àkọ́kọ́, àwọn ìdánwò wọ̀nyí kò wúlò fún antivirus tí àwọn tó ṣe é kò bá fọwọ́ sí i láti máa dá ojú ewé AMTSO mọ̀. Ẹ ka orúkọ àwọn tó fọwọ́ sí i lójú ewé kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó dá antivirus yín lẹ́bi. Èkejì, Chrome àti Edge ní ẹ̀ṣọ́ tiwọn, nítorí náà bí ìkìlọ̀ pupa bá yọ, ẹ wo orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Mo ti rí ẹni tó ń yin antivirus tó rà lówó gọbọi, nígbà tó jẹ́ pé Chrome ló mú ewu náà kí antivirus tó mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀.

VirusTotal

Èyí ni púpọ̀ nínú wa mọ̀ jù, òun náà sì ni a máa ń ṣì lò jù. Ìkànnì ni, orílẹ̀-èdè Sípéènì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2004, Google sì rà á ní 2012. Èèyàn á gbé fáìlì kan síbẹ̀, kí ó má ṣáà ju 650 MB lọ, antivirus tó lé ní 70 á sì wò ó lẹ́ẹ̀kan náà, wọn á wá fi èsì olúkúlùkù hàn. Ìbéèrè kẹta ló ń dáhùn, ti ọkùnrin tó dúró lẹ́nu géètì. Kò sọ ohunkóhun nípa antivirus tó wà lórí kọ̀ǹpútà tiyín, nítorí kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ẹ ní ọ̀kan.

Àpẹẹrẹ kan rèé. Oníbàárà kan fi fáìlì ránṣẹ́ sí ímeèlì ṣọ́ọ̀bù pé kí a bá òun tẹ CV òun. Orúkọ tí ojú wa rí ni CV.pdf, ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ fún Windows pé kí ó máa fi ìparí orúkọ fáìlì hàn, ó di CV.pdf.exe. Kò sí CV tó ń jẹ́ exe, èyí tí í ṣe ìparí orúkọ sọ́fítíwìà. Irú fáìlì báyìí ni VirusTotal wúlò fún, ó sì lè gbà yín lọ́wọ́ wàhálà ọ̀sẹ̀ kan.

Ibi tí ó ti yẹ kí a fara balẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àṣírí. Ohun tí ẹ bá gbé síbẹ̀ kò jẹ́ tiyín nìkan mọ́: àwọn ilé iṣẹ́ antivirus tó bá wọn ṣiṣẹ́ ń rí i, àwọn oníbàárà wọn tó ń sanwó sì lè fà á wálẹ̀. VirusTotal fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé ìwé tó ní ọ̀rọ̀ ara ẹni nínú síbẹ̀. Ìwé NIN, ìwé àkọsílẹ̀ owó bánkì, èsì àyẹ̀wò ilé ìwòsàn: irú èyí ni oníbàárà ń gbé wá sọ́dọ̀ wa lójoojúmọ́, Nigeria Data Protection Act ti 2023 sì ti sọ títọ́jú ọ̀rọ̀ oníbàárà di ọ̀ràn òfin. Ọ̀nà àbáyọ wà. Fáìlì kọ̀ọ̀kan ní ohun tó dà bí ìtẹ̀ka tirẹ̀, tí kò bá ti fáìlì mìíràn mu. Ẹ ṣí PowerShell, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, ẹ tẹ Get-FileHash, kí ẹ wá kọ orúkọ fáìlì náà tẹ̀ lé e. Àmì 64 tó jẹ́ àpapọ̀ lẹ́tà àti nọ́ńbà ni yóò fi dá yín lóhùn. Èyí ni kí ẹ lẹ̀ sínú àpótí ìṣàwárí VirusTotal, fáìlì náà kò ní kúrò lórí kọ̀ǹpútà yín. Bí ẹnì kan bá ti gbé irú rẹ̀ gan-an lọ síbẹ̀ rí, èsì á jáde. Bí kò bá sí èsì, ohun tó túmọ̀ sí ni pé kò sẹ́ni tó tíì gbé e lọ. Kò túmọ̀ sí pé ó mọ́.

Kíka èsì náà gba ọgbọ́n. Bí antivirus méjì péré nínú 70 bá sọ pé ewu ni, tí àwọn tó gbajúmọ̀ sì dákẹ́, ó lè jẹ́ ìdágìrì lásán. Bí ìdajì wọn bá pariwo, ẹ má ṣí fáìlì náà, kí ẹni tó fi ránṣẹ́ sí yín wí ohun yòówù kí ó wí. Ohun tí kò yẹ kí ẹ ṣe ni kí ẹ wo èsì fáìlì kan kí ẹ wá sọ pé antivirus tó dákẹ́ kò dára. Irú antivirus tó wà lórí VirusTotal lè yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n tà fún yín, wọ́n sì lè ti tò ó lọ́nà mìíràn; àwọn tó ni ìkànnì náà pàápàá ti sọ pé kí a má fi í ṣe ìdíje.

Ìròyìn àwọn ilé ìdánwò

Bí ìbéèrè yín bá jẹ́ èkejì, ìyẹn bóyá antivirus kan lè dá olè tó wọṣọ bí onílé mọ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn tó fi ṣe iṣẹ́ ṣe é. AV-TEST wà ní ìlú Magdeburg ní Jámánì, AV-Comparatives wà ní Innsbruck ní orílẹ̀-èdè Austria, SE Labs sì wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ń kó fáírọ́ọ̀sì gidi jọ, wọ́n ń fi í kọ lu antivirus lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, wọ́n sì ń gbé èsì rẹ̀ jáde fún ẹni tó bá fẹ́ kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ewu tó wà fún wa nínú rẹ̀ kò ju ti ìwé kíkà lọ.

AV-TEST ń fún antivirus ní máàkì 6 fún ààbò, 6 fún bí kò ṣe ń fa kọ̀ǹpútà sẹ́yìn, àti 6 fún àìpariwo láìnídìí, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 18. Ojú ìwọ̀n àárín yìí ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, nítorí kọ̀ǹpútà tokunbo oní-4GB ni púpọ̀ nínú wa ń lò, antivirus tó bá sì sọ ọ́ di ìgbín kò ní pẹ́ tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ yóò fi pa á. Nínú ìdánwò AV-Comparatives kan tí wọ́n ń pè ní Malware Protection Test, wọ́n máa ń kọ iye tí antivirus kọ̀ọ̀kan mú nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì wà lọ́tọ̀ sí iye tó mú nígbà tí kò sí. Ẹ wò ó dáadáa. Ṣọ́ọ̀bù tó máa ń pa dátà láti fi ṣọ́ owó ná kò gbọdọ̀ fi máàkì ti ìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì wà yan antivirus.

Àléébù ọ̀nà yìí ni pé kọ̀ǹpútà tiwọn ni wọ́n dán wò, tí ìmúdójúìwọ̀n rẹ̀ pé. Wọn kò mọ D: tèmi tí ẹnjiníà yọ kúrò.

Fáírọ́ọ̀sì gidi nínú kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ nípa ààbò kọ̀ǹpútà fẹ́ràn èyí. Wọn á gbé VirtualBox, sọ́fítíwìà ọ̀fẹ́ tó ń mú kí ó dà bí ẹni pé kọ̀ǹpútà mìíràn wà nínú kọ̀ǹpútà, sórí kọ̀ǹpútà, wọn á fi Windows mìíràn sínú rẹ̀, wọn á ya àwòrán ipò tó wà kí wọ́n lè dá a padà, wọn á sì tú fáírọ́ọ̀sì tòótọ́ sínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe é bó ṣe yẹ, ó ń kọ́ èèyàn ní ohun tí ọ̀nà yòókù kò lè kọ́ ọ. Àmọ́ ó fẹ́ kọ̀ǹpútà oní-8GB ó kéré tán, ó fẹ́ kí a gé íntánẹ́ẹ̀tì, kí a ti fódà tí kọ̀ǹpútà méjèèjì jọ ń lò, kí a má sì jẹ́ kí fíláàṣì kankan kọjá sínú rẹ̀. Ọ̀kan péré nínú wọn tí a bá gbàgbé, ìṣẹ̀lẹ̀ tèmi pẹ̀lú àwọn oníbàárà mẹ́rin lè di kékeré. Àwọn fáírọ́ọ̀sì kan sì wà tó ń mọ̀ pé inú kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà làwọn wà, tí wọn yóò dọ́gbọ́n ṣe bí ẹni rere.

Mo dá a dúró nítorí mo bi ara mi léèrè ohun tí màá mọ̀ bí mo bá ṣe é tán. Kí antivirus mú mẹ́sàn-án nínú fáírọ́ọ̀sì mẹ́wàá tí mo kó jọ, iye yẹn kéré jù láti sọ nǹkan kan, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ni àwọn ilé ìdánwò sì ń lò. Ẹ tún fi òfin sọ́kàn: Cybercrimes Act ti 2015 ka mímọ̀ọ́mọ̀ tan fáírọ́ọ̀sì kálẹ̀ kí ó sì ba nǹkan jẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ ìjọba, ti aládàáni tàbí ti ìfowópamọ́ sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé èèyàn dé ẹ̀wọ̀n. Mi ò rí bí ẹni tó fi fáírọ́ọ̀sì pa mọ́ sórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù yóò ṣe ṣàlàyé ara rẹ̀.

Ta ni kí ó mú èwo

Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tàbí ibi tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB, tí fíláàṣì àjèjì ń wọlé tí ń jáde, EICAR ni kí ó mú, kí ó sì máa ṣe é ní gbogbo fódà, kì í ṣe ní Desktop nìkan. Ẹni tó ń fi fóònù tàbí láàpútọ́ọ̀pù ara rẹ̀ ṣòwò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ìjàǹbá tirẹ̀ sì sábà máa ń gba ojú ewé ẹ̀tàn wá, AMTSO ló bá a mu jù.

Ẹni tó fẹ́ ra antivirus tuntun kò nílò láti dán nǹkan kan wò fúnra rẹ̀. Kí ó ka ìròyìn ilé ìdánwò méjì, ó kéré tán, nítorí antivirus tó gbé ipò kìíní níbì kan lè gbé ipò kẹfà níbòmíràn. Mo gbà pé fún ẹni tó ní Windows 11, tó sì ń jẹ́ kí ìmúdójúìwọ̀n wọlé, Defender tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó, kí ó fi owó kọ́ọ̀dù ra dátà. Akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ tàbí ti ilé ìjọsìn tó ń gba ímeèlì lọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ̀ rí ni VirusTotal wúlò fún jù, kí ó sáà máa fi ìtẹ̀ka fáìlì wá a dípò kí ó gbé fáìlì náà lọ. Ọ̀nà karùn-ún, ẹ fi sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ní olùkọ́ lẹ́yìn rẹ̀ àti kọ̀ǹpútà tí kò ní ohunkóhun nínú tó lè dùn ún bí ó bá parun.

Ní ṣọ́ọ̀bù tiwa, àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni a ń ṣe é, lẹ́yìn tí a bá ti tan jẹnẹrétọ̀ kí oníbàárà àkọ́kọ́ tó jókòó. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ á lẹ ìlà náà sínú Notepad lórí kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, á gbé e káàkiri fódà mẹ́rin àti orí fíláàṣì kan, á sì fi bírò sàmì sí ìwé tí mo lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Kọ̀ǹpútà tí àpótí kékeré yẹn kò bá yọ lórí rẹ̀ kì í gba fíláàṣì ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà títí màá fi dé ìdí rẹ̀. Ìwé títẹ̀ tó ti wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ nìkan ni yóò máa ṣe.